Ìgbà wo ló dáa jù láti lọ sí Chinatown Lọ́ńdọ̀nù? Ẹ jẹ́ ká ṣètò ẹ̀ dáadáa

Ọ̀pọ̀ èèyàn wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló ti gba Chinatown, àdúgbò àwọn ọmọ Ṣáínà, kọjá rí, wọ́n ya fọ́tò lábẹ́ àwọn fìtílà pupa yẹn, wọ́n ra bubble tea, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Tẹ́ẹ bá bi wọ́n pé báwo ló ṣe rí, wọ́n á ní èrò ti pọ̀ jù, oúnjẹ ò fi bẹ́ẹ̀ dùn, wéítà ń kánjú, kò tiẹ̀ jẹ́ káwọn mí. Wọn ò parọ́ o. Táìmù tí wọ́n lọ ni ò dáa. Wéítà kan náà tó ń sọ̀rọ̀ ṣàkàṣàkà sí yín láago 6 ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ yẹn, tẹ́ẹ bá bá a láago 3 ọ̀sán, á dúró ṣàlàyé oúnjẹ fún yín, á tún bi yín pé ṣé kóun bu tíì sí i.

Chinatown tí mò ń sọ ni ti àárín ìlú: Gerrard Street, Lisle Street, apá kan Wardour Street, Newport Court àti àwọn ọ̀nà tóóró tó wà láàárín wọn. Shaftesbury Avenue wà lókè, Leicester Square wà nísàlẹ̀. Àdúgbò kékeré ni, èèyàn lè rìn ín já láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó jẹ́ pé téèrò bá ti ya débẹ̀, kò síbi téèyàn máa yà sí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ohun tó ń gbé yín lọ

Ẹ má tíì ṣí kàlẹ́ńdà. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín, ṣé oúnjẹ lẹ fẹ́ lọ jẹ ni, àbí ìran lẹ fẹ́ wò, àbí ọjà lẹ fẹ́ rà, àbí fọ́tò ni? Torí táìmù tó dáa fún ọ̀kan ló máa ń ba èkejì jẹ́. Ẹni tó fẹ́ rí kìnnìún tó ń jó, tó fẹ́ gbọ́ ìlù àti ariwo, Sọ́ńdè ọdún tuntun wọn ni kó lọ, kó sì ti gbà pé òun ò ní rí ibi jókòó. Ẹni tó fẹ́ jẹun kó sá fún ọjọ́ yẹn pátápátá. Ẹni tó ń wá ìrẹsì àpò ńlá àti edé gbígbẹ, àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni tiẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ya fìtílà, ìgbà tílẹ̀ bá ń ṣú lọ ni. Àwọn tó fẹ́ ṣe gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan náà ló máa ń fìbínú délé.

Tó bá jẹ́ pé mọ́mì tàbí dádì tó wá kí yín láti Nàìjíríà lẹ fẹ́ mú lọ, ọ̀rọ̀ yẹn yàtọ̀. Àgbàlagbà ò lè dúró lórí ìlà nínú òtútù fún ogójì ìṣẹ́jú kí wọ́n tó pe orúkọ yín, kò sì bójú mu ká gbé wọn gba àárín àwọn ọ̀mùtí kọjá. Ọ̀sán Túsìdeè tàbí Wẹ́sìdeè ni kẹ́ẹ mú wọn lọ, mi ò ní máa bá yín jiyàn lórí ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ bí ọjọ́ ṣe ń lọ níbẹ̀

Ibí lọ̀rọ̀ wà gan-an, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Gerrard Street kọ́ ni Chinatown àkọ́kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Limehouse, lápá ìlà oòrùn, nítòsí èbúté odò Thames, làwọn atukọ̀ ọmọ Ṣáínà kọ́kọ́ tẹ̀dó sí. Bọ́ǹbù Ogun Àgbáyé Kejì ba ibẹ̀ jẹ́ gan-an, iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi náà sì ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Láti nǹkan bí 1950 lọ sókè ni àwọn ará Hong Kong, pàápàá àwọn tó wá láti abúlé New Territories, bẹ̀rẹ̀ sí gba ṣọ́ọ̀bù ní Gerrard Street torí rẹ́ǹtì ibẹ̀ ò wọ́n nígbà yẹn, Soho, àdúgbò tó yí ibẹ̀ ká, ò tíì lórúkọ rere. Ohun tó kàn wá nínú ìtàn yìí ni pé oúnjẹ tí wọ́n gbé dé ni dim sum, ìyẹn oríṣiríṣi oúnjẹ kéékèèké tí wọ́n ń gbé wá nínú abọ́ kéékèèké, oúnjẹ ọ̀sán sì ni, kì í ṣe oúnjẹ alẹ́. Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn láti Sichuan àti àwọn ìlú ńlá ní Ṣáínà fúnra ẹ̀ ló mú hotpot olóòórùn ata wá, ìyẹn ló ni alẹ́, ẹ jókòó ti ìkòkò tó ń hó lórí tábìlì, ẹ̀ ń fi ẹran sí i, ẹ̀ ń yọ ọ́, kò sẹ́ni tó ń kánjú. Nítorí náà ẹni tó bá lọ jẹ dim sum láago 8 alẹ́, tó wá ní kò dùn, ẹ bá mi bi í pé ta ló ní kó lọ lálẹ́.

Kí aago 10 àárọ̀ tó lù, àwọn ọlọ́jà ló ni àdúgbò yẹn. Ọkọ̀ ńlá á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n á máa já páálí ewébẹ̀, àpò ìrẹsì, ẹja dídì, wọ́n á máa fi ọmọlanke tì í wọlé. Àwọn ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì ló sábà máa ń kọ́kọ́ ṣí. Tẹ́ẹ bá fẹ́ ya géètì ńlá tó wà ní Wardour Street, èyí tí wọ́n kọ́ parí lọ́dún 2016, láìsí orí ẹnikẹ́ni nínú fọ́tò yín, táìmù yẹn ni. Àmọ́ ẹ ti jẹ nǹkan kẹ́ẹ tó jáde nílé.

Bí aago 11 sí 12 làwọn ilé oúnjẹ máa ń ṣílẹ̀kùn. Tẹ́ẹ bá tètè wọlé, ẹ máa rí tábìlì tó wù yín. Láti aago 12 ààbọ̀ sí 2 ààbọ̀ làwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì àtàwọn arìnrìn-àjò máa ń ya dé, ariwo á ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Táìmù tí mo fẹ́ràn jù ni aago 2 ààbọ̀ sí aago 4 ààbọ̀, láàárín ọ̀sẹ̀. Àwọn olóúnjẹ ọ̀sán ti padà síbi iṣẹ́, àwọn tó ń lọ wo tíátà ò tíì dé, kíṣìnì sì ṣì ń se dim sum torí ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ níbẹ̀ kì í dá a dúró títí di bí aago 5. Ẹ lè jókòó gba wákàtí kan ààbọ̀, ẹ bèèrè ìbéèrè, ẹ tún bèèrè nǹkan sí i, kò sẹ́ni tó máa gbé bíìlì wá láìjẹ́ pé ẹ pè é. Kẹ́ẹ ṣáà fóònù lọ́jọ́ yẹn láti mọ ìgbà tí dim sum ń parí níbi tẹ́ẹ fẹ́ lọ, torí tẹ́ẹ bá dé láago 5 kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n lè ní ó ti tán.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wàhálà dé. Ẹ wo Shaftesbury Avenue tó wà lẹ́yìn Chinatown gan-an, tíátà ló kún ibẹ̀, Lyric, Apollo, Gielgud, Sondheim, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Eré alẹ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín aago 7 sí 7 ààbọ̀, ó wá túmọ̀ sí pé gbogbo àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, ló fẹ́ jẹun láàárín aago 5 ààbọ̀ sí aago 7 ní àdúgbò kékeré kan ṣoṣo yìí. Ìdí nìyẹn tí wéítà fi ń kánjú. Ó mọ̀ pé àwọn míì ń dúró de tábìlì yín, ó sì mọ̀ pé ẹ̀yin náà lè ní tíkẹ́ẹ̀tì lápò, kò fẹ́ kẹ́ẹ pẹ́ kẹ́ẹ wá di ẹ̀bi ru òun.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò kíyè sí ni pé bó ṣe ń di aago 7 ààbọ̀, gbogbo wọn á dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ dúró sẹ́nu Macclesfield Street nígbà yẹn kẹ́ẹ wòran: bàbá tó wọ kóòtù ń fa ọwọ́ ọmọ, obìnrin kan ń nu ẹnu pẹ̀lú tíṣù bó ṣe ń sáré, gbogbo wọn kọjú sí Shaftesbury Avenue, lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ilé oúnjẹ tó ti nílà lẹ́nu ọ̀nà á ti ní tábìlì òfìfo mẹ́ta mẹ́rin, wọ́n á máa nu orí ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé alẹ́ nìkan lẹ ráàyè, aago 7:45 ni kẹ́ẹ wọlé. Ẹ ní títí di bí aago 9 ààbọ̀ kí ìgbì kejì tó dé, ìyẹn nígbà tí eré bá parí ní bí aago 10.

Lẹ́yìn aago 11 òru, àdúgbò náà á tún yí padà. Àwọn ilé oúnjẹ kan wà tí kì í tilẹ̀kùn títí aago 2 tàbí 3 òru, ibẹ̀ làwọn kúùkù tó ń siṣẹ́ káàkiri Soho máa ń lọ jẹun tí wọ́n bá ṣíwọ́. Ibi tẹ́ẹ bá ti rí kúùkù tó ń jẹun lóru, ẹ wọlé síbẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ Fúráìdeè tàbí Sátidé, àwọn tó ti mutí yó náà á pọ̀, ẹ di fóònù yín mú, torí àwọn ọmọ tó ń fi kẹ̀kẹ́ já fóònù gbà kì í sinmi ní West End.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ọjọ́ wo láàárín ọ̀sẹ̀?

Mọ́ńdè sí Tọ́sìdeè ló dáa, Túsìdeè ló rọrùn jù nínú wọn. Ẹ ṣọ́ra fún eré ọ̀sán: yàtọ̀ sí Sátidé, ọ̀pọ̀ tíátà máa ń ṣeré ní bí aago 2 ààbọ̀ lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè tàbí Tọ́sìdeè, èrò ọ̀sán ọjọ́ yẹn á tètè dé, á tún tú jáde ní bí aago 5 láti wá jẹun. Fúráìdeè láti aago 5 lọ, ẹ gbàgbé ẹ̀. Sátidé burú látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹni tó bá ní kẹ́ẹ pàdé òun ní Gerrard Street láago 6 ìrọ̀lẹ́ Sátidé ò fẹ́ràn yín.

Sọ́ńdè ló gba àlàyé. Ọ̀sán Sọ́ńdè làwọn ìdílé ọmọ Ṣáínà fúnra wọn máa ń wá láti ẹ̀yìn ìlú, ìyá àgbà, ọmọ, ọmọ ọmọ, tábìlì rìbìtì ńlá, wọ́n á jẹ dim sum láti bí aago 12 títí dé aago 3. Èrò wà o, ṣùgbọ́n èrò tó dùn-ún wò ni, oúnjẹ náà sì máa ń jáde ní gbígbóná torí kò sígbà tí kíṣìnì dúró. Tẹ́ẹ bá máa lọ nígbà yẹn, ẹ bùkù tábìlì sílẹ̀. Fún ẹ̀yin tí ìsìn yín ń parí láago 2, tí pásítọ̀ bá ṣàánú, ẹ ti ríbi tẹ́ẹ máa gbà nìyẹn: ẹ bọ́ sí bọ́ọ̀sì látibẹ̀, ẹ máa débẹ̀ ní bí aago 3 ààbọ̀ nígbà táwọn ìdílé yẹn ń lọlé. Alẹ́ Sọ́ńdè náà máa ń rọlẹ̀, ọ̀pọ̀ tíátà kì í ṣeré lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ yẹ kàlẹ́ńdà tiwọn wò

Òṣùpá ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ ọdún wọn, bíi Iléyá. Àmọ́ Iléyá máa ń fi bí ọjọ́ 11 ṣáájú ti èṣí lọ́dọọdún, ó lè bọ́ sígbà òjò nísinsìnyí kó bọ́ sígbà ọyẹ́ lọ́jọ́ iwájú. Tiwọn ò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń fi odindi oṣù kan kún ọdún ní ẹ̀ẹ̀meje láàárín ọdún 19 kó má bàa sá kúrò lásìkò ẹ̀. Torí ẹ̀ ni ọdún tuntun wọn kì í fi í kúrò láàárín ọjọ́ 21 oṣù kìíní sí ọjọ́ 20 oṣù kejì. Lọ́dún 2026 ó bọ́ sí ọjọ́ 17 oṣù kejì, ọdún ẹṣin. Lọ́dún 2027, ọjọ́ 6 oṣù kejì, ọdún àgùntàn (àwọn kan ń pè é ní ewúrẹ́). Lọ́dún 2028, ọjọ́ 26 oṣù kìíní, ọdún ọ̀bọ. Ẹ kọ ọ́ síbì kan.

Ayẹyẹ ńlá ti Lọ́ńdọ̀nù kì í sábà jẹ́ ọjọ́ ọdún gan-an, Sọ́ńdè ni wọ́n máa ń ṣe é, tí ọdún ò bá ti bọ́ sí Sọ́ńdè, wọ́n á dúró de èyí tó tẹ̀lé e. London Chinatown Chinese Association ló ń ṣètò ẹ̀. Ìwọ́de máa ń lọ láàárọ̀ láti apá Trafalgar Square wọ Chinatown, lẹ́yìn náà orin, ijó àti àfihàn ìjà ìbílẹ̀ Ṣáínà á máa lọ lórí pèpéle ní Trafalgar Square títí di ìrọ̀lẹ́. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń wá. Tẹ́ẹ bá fẹ́ rí ìwọ́de, kẹ́ẹ ti wà níbẹ̀ kí aago 10 tó lù, kẹ́ẹ ti jẹun, kẹ́ẹ ti lo ilé ìtọ̀, kẹ́ẹ má gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ dání. Téèyàn bá dé láago 12, ẹ̀yìn orí ẹlòmíì ló máa wò.

Ohun tó dùn jù lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe orí pèpéle, lójú tèmi o. Ẹ wọnú Gerrard Street tàbí Lisle Street lọ́sàn-án kẹ́ẹ tẹ̀lé ohùn ìlù. Kìnnìún á máa ti ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíì, èèyàn méjì ló wà nínú ẹ̀, ọ̀kan gbé orí, ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn (èyí tó gùn gbọọrọ tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ọ̀pá gbé, dírágónì nìyẹn, ẹ má pa wọ́n pọ̀). Ọlọ́ṣọ́ọ̀bù á ti so ewé lẹ́tíùsì kọ́ sókè ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àpòòwé pupa tówó wà nínú ẹ̀. Kìnnìún á yí i ká, á sún mọ́ ọn, á sá padà bíi pé ẹ̀rù ń bà á, á pa ojú dé, á mi etí, ìlù á máa yára sí i, lójijì ó ti fò mọ́ ọn, ó ti gbé e mì. Ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ewé tó ń já nínú orí kìnnìún yẹn, lẹ́yìn náà lẹ́tíùsì wẹ́wẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí fò jáde lẹ́nu ẹ̀ sára gbogbo ẹni tó dúró níwájú. Tó bá bà yín, oríire ni wọ́n kà á sí, ẹ má ṣe jú u nù pẹ̀lú ìbínú. Owó inú àpòòwé, àwọn oníjó ló ni ín.

Oúnjẹ ńkọ́? Lọ́jọ́ yẹn, ẹ jẹ nǹkan tó ṣeé mú lọ́wọ́, búrẹ́dì ẹlẹ́ran tàbí bao (búrẹ́dì rírọ̀ tí wọ́n fi ooru omi sè), kẹ́ẹ máa bá ìran yín lọ. Tó bá jẹ́ oúnjẹ ọdún lẹ fẹ́ jẹ, ẹ dúró di Túsìdeè tàbí Wẹ́sìdeè tó tẹ̀lé e, torí ọdún tuntun kì í ṣe ti ọjọ́ kan, ọjọ́ 15 ló fi ń lọ títí dé àjọ̀dún fìtílà, ọ̀ṣọ́ á ṣì wà, oúnjẹ ọdún á ṣì wà, èrò á ti lọ. Sáà yẹn ni mo rò pé ó dáa jù nínú gbogbo ọdún, ó jọ mí lójú pé àwọn èèyàn máa ń fi sílẹ̀ kí wọ́n lọ fún ara wọn pa ní Sọ́ńdè.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ fiyè sí èyí. Lọ́dún 2026 àti 2027, ọdún tuntun wọn àti ìbẹ̀rẹ̀ Ààwẹ̀ Ràmàdánì sún mọ́ra gan-an, ọjọ́ kan méjì ló wà láàárín wọn. Oòrùn máa ń wọ̀ ní bí aago 5 kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní Lọ́ńdọ̀nù láàárín oṣù kejì, tó túmọ̀ sí pé ìṣínu máa bọ́ sí ìgbà táwọn oní-tíátà ń bọ̀. Ẹ fi dàbínù àti omi sínú báàgì, kẹ́ẹ fi wọn ṣínu, kẹ́ẹ wá jókòó jẹun láago 7:45. Ẹ tún bèèrè nípa ẹran dáadáa, ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ dim sum, títí kan àwọn míì tí wọ́n pè ní ti edé. Ẹ bi wọ́n bóyá ilé oúnjẹ náà jẹ́ ti hàláàlì kẹ́ẹ tó jókòó.

Àjọ̀dún méjì míì wà tí kì í ṣe ariwo. Ti ìgbà ìkórè bọ́ sí ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ kàlẹ́ńdà tiwọn, lọ́dún 2026 ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ni, lọ́dún 2027 ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án. Mooncake ni wọ́n ń jẹ nígbà yẹn, àkàrà kékeré tó wúwo, tí wọ́n fi èso lotus lílọ̀ tó dùn sínú ẹ̀ pẹ̀lú pupa ẹyin pẹ́pẹ́yẹ oníyọ̀. Ọ̀kan tó fún èèyàn mẹ́rin, ẹ má ra páálí mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ yẹn ni kẹ́ẹ lọ, oríṣiríṣi á kún ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá ń wá owó pọ́ọ́kú, kó lọ lẹ́yìn àjọ̀dún nígbà tí wọ́n ń fẹ́ kó tán. Ìkejì ni ti ọkọ̀ ojú omi dírágónì, ọjọ́ 19 oṣù kẹfà lọ́dún 2026, ọjọ́ 9 oṣù kẹfà lọ́dún 2027, zongzi ni tìyẹn, ìrẹsì tó ń lẹ̀ tí wọ́n fi ewé ọparun wé kí wọ́n tó sè é.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ojú ọjọ́, ìmọ́lẹ̀ àti Kérésì

Fìtílà wà níbẹ̀ yípo ọdún, ṣùgbọ́n ìgbà tílẹ̀ ń ṣú ló máa ń rẹwà. Ní oṣù kejìlá, oòrùn ti máa wọ̀ kí aago 4 ọ̀sán tó lù, ẹ lè jẹun láago 2 ààbọ̀ kẹ́ẹ jáde sínú ìmọ́lẹ̀ pupa, èèyàn ò tíì pọ̀. Ní oṣù kẹfà, ó di aago 9 kọjá ogún ìṣẹ́jú kí oòrùn tó wọ̀, ẹ máa dúró títí. Tí òjò bá rọ̀ tán, ilẹ̀ á máa tan ìmọ́lẹ̀ padà, fọ́tò ìgbà yẹn ló máa ń dáa jù, òjò díẹ̀ náà sì máa ń lé èrò lọ.

Oṣù keje àti ìkẹjọ, arìnrìn-àjò kún ibẹ̀. Ọ̀sẹ̀ táwọn ọmọ iléèwé gba hàfù-táàmù, bákan náà, tinú oṣù kejì sì lè bọ́ sí àárín ọdún tuntun wọn. Sátidé ti Pride (ìwọ́de ọdọọdún àwọn LGBT), nígbà tí oṣù kẹfà ń parí tàbí tí ìkeje ń bẹ̀rẹ̀, gbogbo Soho ló máa ń dí. Tí fíìmù tuntun bá ń jáde ní Leicester Square, wọ́n á fi irin dí ojú ọ̀nà, ẹ máa rìn yí ká. Ìgbà tó dákẹ́ jù ni láti ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kìíní lọ, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí múra ọdún tiwọn, òtútù á mú yín o.

Ọjọ́ Kérésì ní tiẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ Chinatown máa ń ṣí nígbà tí gbogbo ìlú ti tì pa. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sí bọ́ọ̀sì, kò sí tréènì ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ yẹn, àfi kẹ́ẹ wa mọ́tò tàbí kẹ́ẹ pe táásì. Ẹ bùkù sílẹ̀ tipẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bẹ́ẹ ṣe máa débẹ̀

Leicester Square ló sún mọ́ jù nínú tréènì abẹ́ ilẹ̀, Northern àti Piccadilly ló ń débẹ̀, Piccadilly Circus náà ò jìnnà. Lọ́jọ́ ayẹyẹ, ẹ má sọ̀ níbì kankan nínú méjèèjì, ẹ sọ̀ ní Tottenham Court Road kẹ́ẹ fẹsẹ̀ rìn sọ̀kalẹ̀ ní Charing Cross Road. Ẹ̀yin ará Peckham àti Camberwell, bọ́ọ̀sì 12 ń gba Trafalgar Square dé Piccadilly Circus. Ẹ̀yin Old Kent Road, 453 ni tiyín, méjèèjì ń ṣiṣẹ́ lóru. Owó tréènì máa ń wọ́n láàárín aago 4 sí aago 7 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, pàápàá tẹ́ẹ bá ń ti àárín ìlú padà sílé, tẹ́ẹ bá lè kúrò níbẹ̀ kí aago 4 tó lù, ó dáa. Fúráìdeè àti Sátidé, Northern àti Piccadilly máa ń rìn mọ́jú. Mọ́tò? Congestion Charge, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó wa mọ́tò wọ àárín ìlú, wà, owó páàkì wà, ẹ fi sílẹ̀ nílé.

Ìgbésẹ̀ keje: tẹ́ẹ bá ti jókòó

Dim sum, ìwé kékeré kan ni wọ́n sábà máa ń fún yín pẹ̀lú pẹ́ńsùlù, ẹ máa fi àmì sí ohun tẹ́ẹ fẹ́. Abọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin nígbà kọ̀ọ̀kan ti tó, ẹ má kó gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó bá tutù ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Har gow ni ti edé, ìyẹ̀fun ẹ̀ máa ń fẹ́lẹ́ débi pé ẹ máa rí edé náà nínú. Tó bá ya nígbà tẹ́ẹ gbé e, ó ti pẹ́ lórí ooru. Cheung fun, ìyẹ̀fun ìrẹsì tí wọ́n ká, rọ̀, ó ń yọ̀, ẹ jẹ ẹ́ ní gbígbóná. Ẹsẹ̀ adìyẹ náà wà, a ò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n, àmọ́ tiwọn ti rọ̀ dé eegun, ẹ̀wà dúdú tí wọ́n fi iyọ̀ pa mọ́ ló wà lára ẹ̀. Ata tó wà nínú ìgò kékeré lórí tábìlì ò lè ta yín, ẹ bèèrè ata tútù tí wọ́n gé.

Owó tíì, iye orí ni wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀. Tómi bá tán, ẹ ṣí ìdérí ìkòkò tíì gbé e sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n á wá bu omi sí i láìjẹ́ pé ẹ pè wọ́n. Tẹ́nì kan bá da tíì fún yín, ẹ fi ìka méjì kan tábìlì, ọpẹ́ nìyẹn. Wọ́n sábà máa ń ti fi owó sábíìsì kún bíìlì, ẹ kà á kẹ́ẹ tó fi tíìpù lé e. Kówó tútù díẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké kan kì í gba káàdì fún páùn méjì mẹ́ta.

Ọjà ló kù

Ẹ jẹun tán kẹ́ẹ tó wọ súpámákẹ́ẹ̀tì, ebi kì í jẹ́ kéèyàn rajà dáadáa, wọ́n ṣì máa wà ní ṣíṣí di alẹ́. Kókò wà níbẹ̀, atalẹ̀, ilá, ata wẹ́wẹ́ ti Thailand tó ń jó ètè, edé gbígbẹ tó pọ̀ ju ti ṣọ́ọ̀bù àdúgbò wa lọ, ìrẹsì jasmine nínú àpò ńlá. Ẹ fọwọ́ tẹ kókò kẹ́ẹ tó sanwó, èyí tó bá rọ̀ ti jẹrà nínú. Ẹ gbé báàgì tiyín dání. Edé dídì àti ẹja dídì ni kẹ́ẹ mú kẹ́yìn, nígbà tẹ́ẹ ti ń lọ sídìí ẹni tó ń gbowó, kẹ́ẹ sì wé e mọ́ aṣọ tàbí ìwé ìròyìn, torí bọ́ọ̀sì 12 tó bá kó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Elephant and Castle láago 5 ìrọ̀lẹ́, omi ẹ̀ á ti máa ro sí ẹsẹ̀ yín kẹ́ẹ tó dé Camberwell.